Ẹyin Tí Mi Ò Yé

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi fún yín o. Adìẹ ẹlẹ́yin ni mò ń sìn n'Ìbàdàn níbí, lọ́nà Mọníyà, wọn ò pọ̀, bíi 400 náà ni. Kí n tó ní 400 yìí mo ti ní 250 rí, àrùn adìẹ tí wọ́n ń pè ní Newcastle ló kó wọn lọ, ọjọ́ mẹ́fà péré, èmi náà ni mo sún àjẹsára wọn síwájú torí owó ò sí lọ́wọ́. Adìẹ á lọ́ ọrùn, á máa wòkè bí ẹni ń gbàdúrà, kílẹ̀ tó mọ́ ó ti kú.

Àtìgbà yẹn lẹ̀rù ti bá mi wọlé. Aago méjì òru màá jí, màá tan tọ́ọ̀ṣì, màá wọnú ilé adìẹ lọ kà wọ́n. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́, mo máa ń tú báàgì ẹ̀ kó tó lọ sílé, ọmọ tí ò mú ẹyin kan rí. Tí wọ́n bá ń ṣe ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹyin tó ti sán ni mò ń ṣà lọ (ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí). Àdúrà mi ò ju ẹyọ kan lọ: Olúwa, ẹ má jẹ́ n pàdánù. Dókítà ẹran ló là mí lójú pé èmi gan-an ni mò ń da àwọn adìẹ láàmú, pé tí wọn ò bá rójú sùn wọn ò ní yé dáadáa. Ẹ gbọ́ nǹkan!

Ó wá di February 2023, ẹ rántí, náírà tuntun ò sí, ti àtijọ́ wọn ò gbà, transfer ò wọlé. Ta ló fẹ́ fi ìwọ̀nba owó ọwọ́ ẹ̀ ra ẹyin? Adìẹ ò kúkú mọ̀ pé owó ò sí nílùú, kírétì mọ́kànlá lójúmọ́, wọ́n ń yé e lọ. Pálọ̀ kún, mo tò ó dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ooru sì mú, ẹyin ò lè pẹ́ nínú irú ooru yẹn.

Màmá àgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa wá kí mi, mo bú sẹ́kún, ẹyin mi, ẹyin mi. Màmá wò mí títí, wọ́n ní, "Ṣé ìwọ lo yé e ni?"

Mo kọ́kọ́ bínú. Ìgbà tó yá ẹ̀rín pa mí. Mo ra fíìdì, mo pọnmi, àmọ́ mi ò yé ẹyin kankan rí. Wọ́n ní kí n lọ ka 1 Kọ́ríńtì 4:7, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n ní tí kì í ṣe pé wọ́n gbà á. Ìtàn Jóòbù mo ti kà á tì, àgùntàn 7,000, ràkúnmí 3,000, mo gbà pé tàwọn ńlá nìyẹn, ṣùgbọ́n ìbéèrè yìí èmi gan-an ló ń bá wí. Ìgbéraga ló fara pamọ́ sábẹ́ ẹ̀rù mi, mo rò pé èmi tí mò ń ṣọ́ ọ ni mo ni ín.

Lọ́jọ́ kejì mo bẹ ọmọ yẹn, mo fún un ní kírétì méjì kó gbé e fún ìyá ẹ̀. Mo pín fáwọn ará àdúgbò, mo tà láwìn. Nígbà tí kóòtù gíga jù lọ ní ká ṣì máa ná owó àtijọ́ lóṣù kẹta, àwọn kan san, àwọn kan ò tíì san dòní, orúkọ wọn ṣì wà nínú ìwé mi, mi ò ní purọ́.

Ẹni tẹ́rù ń bà bíi tèmi, kó o tó sùn, máa ka nǹkan tọ́jọ́ yẹn mú wá, kó o dárúkọ wọn: ẹyin tòní, omi kànga, ọmọ tó bá ẹ gbálẹ̀. Èmi máa ń ní, "Olúwa, tiyín rèé, ẹ ṣé tẹ́ ẹ ní kí n bá yín tọ́jú ẹ̀." Kó o sì fúnni nígbà tó ṣì dáa, má dúró dìgbà tó bá sán. Ìdúpẹ́ ò ní kó o má fún adìẹ ní àjẹsára o, èmi ti jìyà ìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá àrá sán lóru, mo jí, tọ́ọ̀ṣì ti wà lọ́wọ́ mi kí n tó mọ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé adìẹ, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kùn wúyẹ́wúyẹ́, mi ò ṣílẹ̀kùn. Mo dúpẹ́ níbẹ̀, mo padà lọ sùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́ ọ̀kan ti kú. Mo gbẹ́lẹ̀, mo sin ín, mo lọ ṣa ẹyin.