Ẹ̀bùn káàdì ìrìnàjò ní Amẹ́ríkà: èwo ló máa gbé yín délé ní Kérésì?

Bí oṣù Kẹsàn-án bá ti wọlé, tí àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí wo iye tíkẹ́ẹ̀tì Èkó, ni ìpolówó káàdì ìrìnàjò, ìyẹn káàdì kírẹ́díìtì tó ń fúnni ní máìlì tàbí póìǹtì tí a lè fi san owó ìrìnàjò, máa ń dùn létí jù. Máìlì 75,000! Póìǹtì 100,000! Nọ́ńbà ńlá yẹn ni ojú ń kọ́kọ́ bá, òun náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń yan káàdì. Kò tó. Ohun tó yẹ kí ẹ wọ̀n ni èyí tó máa kù lẹ́yìn tí ẹ bá san owó ọdọọdún, àti ohun tó lè rà lójú ọ̀nà tí ẹ̀yin gan-an ń gbà.

Ẹ jẹ́ ká gbé méjì síwájú. Capital One Venture ń gba $95 lọ́dún. Ẹ̀bùn tó ti wà lórí rẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́ ni máìlì 75,000 fún ẹni tó bá ná $4,000 láàárín oṣù 3. Chase Sapphire Preferred náà ń gba $95, ẹ̀bùn tirẹ̀ láti bí àárín ọdún 2025 sì jẹ́ póìǹtì 75,000, ṣùgbọ́n $5,000 lẹ máa ná láàárín oṣù 3 kan náà. Ẹ yẹ ojú ìwé wọn wò lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbà á, torí àwọn báńkì ń pààrọ̀ iye yìí nígbàkigbà.

Venture ń fúnni ní máìlì 2 lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan, nítorí náà $4,000 yẹn á tún mú 8,000 wá. Àpapọ̀ di 83,000. Bí ẹ bá fi pa owó ìrìnàjò tí ẹ fi káàdì náà san rẹ́, sẹ́ǹtì 1 ni máìlì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn $830. Ẹ yọ $95 kúrò, ó ku $735. Ti Chase, bí gbogbo ìnáwó yín bá jẹ́ irú èyí tó ń mú póìǹtì 1 péré wá, á di 80,000, ìyẹn $800. Ẹ yọ $95, ó ku $705. Ẹ ti ná $1,000 sí i kí ẹ tó rí èyí tó kéré. Bó bá jẹ́ owó tí a kà sọ́wọ́ lẹ ń fẹ́, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá: Chase á ṣì fún yín ní sẹ́ǹtì 1 lórí póìǹtì kan, Capital One á já tirẹ̀ sí ìdajì sẹ́ǹtì. Máìlì 83,000 á wá di $415.

American Express (Amex) Gold ni mo máa ń ní kí èèyàn fara balẹ̀ wò jù. Owó ọdún rẹ̀ jẹ́ $325. Wọ́n máa ń kọ ọ́ pé ẹ̀bùn lè tó 100,000 lẹ́yìn $6,000 láàárín oṣù 6, ṣùgbọ́n iye tó jẹ́ tiyín kì í hàn àfi ìgbà tí wọ́n bá ti gbà yín. Ẹ ṣì lè kọ káàdì náà nígbà yẹn. Ká ní 60,000 ni wọ́n fún yín, tí ẹ sì fi dín gbèsè orí káàdì kù. Sẹ́ǹtì 0.6 ni póìǹtì kọ̀ọ̀kan, $360 nìyẹn. Yọ $325. Ẹ̀bùn tí wọ́n ń pariwo yẹn ti di $35. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń gbé póìǹtì lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ bàálù nìkan ló lè jẹ oyin inú káàdì yìí.

Ọ̀nà ilé wa ńkọ́? Delta ń fò láti Atlanta sí Èkó, United láti Washington. Air France ń gba Paris, KLM ń gba Amsterdam. Póìǹtì Chase ń lọ sí United tààrà. Ti Capital One kì í lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń lọ sí Aeroplan, ètò póìǹtì Air Canada, Aeroplan sì lè ra ìjókòó lórí United tàbí lórí Ethiopian tó ń gba Addis Ababa, láìsí owó epo táwọn kan máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá gba British Airways ní London, kó wo ìyẹn dáadáa: tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi póìǹtì rà lè tún béèrè ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là. Ẹ má gbé póìǹtì kúrò ní báńkì láìtíì rí ìjókòó náà lójú íntánẹ́ẹ̀tì, torí ohun tó bá ti lọ kì í padà.

Ìjókòó póìǹtì ní oṣù Kejìlá ṣọ̀wọ́n, ìyẹn ló mú kí ọ̀nà Capital One tó rọrùn yẹ ìdílé tó ń lọ ilé. Ẹ fi káàdì tuntun ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ bàálù èyíkéyìí. Ká ní ẹni méjì jẹ́ $3,200. Ìyẹn nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé $4,000, epo mọ́tò àti oúnjẹ á sì parí èyí tó kù. Bí ẹ̀bùn bá wọlé, ẹ ní ọjọ́ 90 látọjọ́ tí ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì láti fi máìlì pa $830 rẹ́ nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ejẹ́ńtì lẹ san owó fún, ẹ rí i pé káàdì ni ó gbà, àti pé ìrìnàjò ni ìdúnàádúrà náà ń jẹ́ lójú báńkì. Owó tí ẹ bá fi Zelle san láti inú àkáǹtì báńkì yín kò bá káàdì tan.

Ohun tó ń ba ẹ̀bùn yìí jẹ́ fáwọn èèyàn wa jù ni owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé. Bí ẹ bá fi káàdì kírẹ́díìtì san án lórí áàpù, ọ̀pọ̀ báńkì á kà á sí cash advance, pé ẹ yá owó lọ́wọ́ wọn. Kò ní wọ inú $4,000 yẹn, wọ́n á sì gba nǹkan bíi $10 tàbí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó bá pọ̀ jù, èlé á sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Owó ọdọọdún kò wọ̀ ọ́ bákan náà, ọjà tí ẹ bá dá padà á sì yọ kúrò. Ẹ ṣírò oṣù 3 látọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i, kì í ṣe ọjọ́ tí káàdì dé inú àpótí lẹ́tà. Ohun tí ọkọ tàbí aya bá fi káàdì ẹ̀ka, èyí tó wà lábẹ́ àkáǹtì yín, ná wà nínú rẹ̀.

Bí ẹ kò bá lè san gbogbo gbèsè náà lóṣù, ẹ fi í sílẹ̀. Èlé ìdá 24 lọ́dún lórí $4,000 jẹ́ nǹkan bíi $80 lóṣù.

Káàdì báńkì tí ẹ máa kọ́kọ́ gbà tún ṣe pàtàkì. Chase kì í sábà gba ẹni tó ti ṣí káàdì 5 láàárín oṣù 24, báńkì yòówù kó jẹ́, nítorí náà tirẹ̀ ló yẹ kó ṣáájú. Capital One máa ń yẹ ìtàn gbèsè yín wò lọ́dọ̀ Equifax, Experian àti TransUnion, àwọn ilé iṣẹ́ mẹ́ta tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà. Amex ń fúnni ní ẹ̀bùn káàdì kan lẹ́ẹ̀kan péré láyé. Bí ẹ kò bá yẹ, wọ́n á sọ fún yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Nígbà tí owó ọdún kejì bá wọlé, ẹ pe Chase tàbí Capital One kí wọ́n sọ ọ́ di káàdì tí kì í gba owó ọdọọdún. Ti Amex, ẹ má pa á kí ọdún kan tó pé, wọ́n lè gba ẹ̀bùn náà padà. Ti Capital One, ẹ ná máìlì tán tàbí kí ẹ gbé e lọ kí ẹ tó pa á, torí káàdì tó bá kú, máìlì rẹ̀ náà ti kú.