Orúkọ ara ọ̀rá

Ní ọjà Òkè Ajé, ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìyá mi kò gbé pátákó kankan kọ́, síbẹ̀ ẹni tó bá ti Àgọ́-Ìwòyè wá ra gàrí mọ ibi tí yóò yà sí. Ìyá Kúnlé ni gbogbo ọjà ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ Bùọ̀dá Kúnlé fúnra wọn ti kó lọ sí Àbújá tipẹ́. Bí ẹ bá nájà títí, tí ẹ bínú lọ, tí ẹ tún padà wá, ìyá mi á rẹ́rìn-ín, wọ́n á wọn kóńgò yín títí orí rẹ̀ á fi ṣe ṣóńṣó, wọ́n á sì bu èènì lé e. Èènì yẹn ni ìpolówó wọn. Wọn ò san kọ́bọ̀ fún rédíò rí.

Gàrí yẹn kan náà ni èmi ń dì sínú ọ̀rá tà ní Manchester, láti inú ilé ìdáná mi. Ṣùgbọ́n níbí, ta ló mọ Kúnlé? Kí n tó ta ọ̀rá kan ṣoṣo, mo ní láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ káńsù, ó kéré tán ọjọ́ 28 ṣáájú. Ọ̀fẹ́ ni. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan wá láti káńsù, ó ṣí fíríìjì mi, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ síńkì, ó sì fún mi ní 4 nínú 5 fún ìmọ́tótó. Ohun tó fi yọ ọ̀kan ni pé n kò ní ìwé tí mo fi ń kọ ètò ìmọ́tótó mi sílẹ̀. Máàkì yẹn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn oníbàárà sì ń wò ó kí wọ́n tó béèrè iye owó. Nígbà tí mo ròyìn fún ìyá mi lórí fóònù, wọ́n ní, "Ṣé wọ́n rò pé májèlé la fi yan án ni?"

Èmi ọmọ eléènì kò wá lè fi gàrí nìkan ránṣẹ́ séèyàn. Mo bá ń di ẹ̀pà yíyan díẹ̀ sínú ọ̀rá kékeré, mo ń jù ú sínú páálí. Ta ni kì í fi ẹ̀pà mu gàrí? Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, obìnrin kan pè mí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹnu kan ẹ̀pà, bó bá jẹ ẹ́, ọ̀fun rẹ̀ á dí. Ọlọ́run ló yọ mí, ìyá ló tú páálí náà, kì í ṣe ọmọ. Ẹ̀pà wà lára nǹkan 14 tí òfin ibí ní kí á kọ síta gedegbe, kí lẹ́tà rẹ̀ dá yàtọ̀ láàárín èròjà yòókù. Mo ti kà á rí o. Lọ́kàn mi ṣáá, èènì kì í ṣe ọjà. Lójú òfin, ọjà ni.

Nílé, NAFDAC kì í wá ìyá mi wá sídìí agbada gàrí. Ìgbà tí àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í di tirẹ̀ sínú ọ̀rá ni ọ̀rọ̀ nọ́ńbà NAFDAC dé. Ó gba ìwé CAC fún orúkọ òwò, ó gbé e kọ́ sára ògiri, a rò pé orúkọ ti di tiwa. Kò pé ọdún kan, mo rí fọ́tò ọ̀rá ẹlòmíràn lórí WhatsApp: orúkọ wa, àwọ̀ wa, kódà àṣìtẹ̀ tí atẹ̀wé wa ṣe wà níbẹ̀! Lọ́yà tí àbúrò mi lọ bá ní ìwé CAC kò ju pé ẹlòmíràn kò lè fi orúkọ kan náà forúkọ òwò sílẹ̀ níbẹ̀. Ti ara ọ̀rá, tí wọ́n ń pè ní trademark, ọ́fíìsì mìíràn ló wà fún un ní Àbújá: ọdún 7 lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà kéèyàn máa tún un ṣe ní ọdún 14, 14.

Mo ti fẹ́ yọ ṣùtì sí Nàìjíríà kí n tó rí i pé bákan náà ló rí níbí. Companies House, ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ níbí, kò dáàbò bo orúkọ ara ọ̀rá mi. Ọ́fíìsì mìíràn ló ń ṣe ìyẹn, ọdún 10 ni tiwọn.

"Gàrí Ìjẹ̀bú" fúnra rẹ̀ kò ṣeé fi ṣe trademark. Ó kàn ń sọ irú gàrí àti ibi tó ti wá ni, ẹni tó bá sì ní òun ló ni ín á bá gbogbo wa jà, láti Òde dé Igbó. Ti àwọ̀ ni kò nira. Mo rántí Òjúde Ọba, bí aṣọ regberegbe kan, ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn bára mu, ṣe máa ń sọ ẹni tí wọ́n jẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, mo sì mú àwọ̀ ẹgbẹ́ ìyá mi.

Orúkọ ńkọ́? A ronú títí, a padà sí Ìyá Kúnlé. Bùọ̀dá Kúnlé gbọ́, wọ́n pè mí láti Àbújá lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Wọ́n ní èló ni tàwọn nínú owó orúkọ.