Ìbéèrè oníbàárà ló bí búlọ́ọ̀gù mi

Bí ẹ bá ń ta àdìrẹ l'Ábẹ́òkúta, ẹ ó mọ̀ pé kò sí oníbàárà tí kì í béèrè nǹkan mẹ́ta yìí: Ṣé kò ní í ṣá? Báwo ni mo ṣe máa fọ̀ ọ́? Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ èyí tí wọ́n fọwọ́ ṣe yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀? Ó pẹ́ tí mo ti ń dáhùn wọn lẹ́nu. Nígbà tó yá, orí WhatsApp ni mo tún ti ń tẹ ìdáhùn kan náà láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti lóru pàápàá, nítorí àwọn ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé ìgbà tí oorun bá ń kùn wá ni wọ́n máa ń rántí aṣọ.

Ohun tó sọ mí di oníbúlọ́ọ̀gù nìyẹn. Mo fẹ́ kọ ìdáhùn náà lẹ́ẹ̀kan, kí n kọ ọ́ dáadáa, kí n fi í síbi tí kò ti ní í sọnù, kí ẹni tó bá béèrè kàn gba líǹkì. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni òun lè kọ búlọ́ọ̀gù lé lórí, mo máa ń ní kó lọ yẹ fóònù rẹ̀ wò. Kí ni àwọn èèyàn ń bi yín títí ó fi sú yín? Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè kan, àkọsílẹ̀ kan.

Àwọn kan á ní Facebook àti WhatsApp ti tó. Èmi náà wà níbẹ̀, mo sì ń rí oníbàárà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá gbé sórí status, wákàtí 24 péré, ó ti lọ. Ti Facebook á máa sún wálẹ̀ títí ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́ gan-an ò fi ní í rí i mọ́. Google kì í wọnú ẹgbẹ́ WhatsApp yín lọ wá nǹkan fún ẹnikẹ́ni. Ojú ewé tó dá dúró lórí búlọ́ọ̀gù ni Google lè gbé síwájú ẹni tí kò gbọ́ orúkọ yín rí, kódà bó bá ti pé ọdún mẹ́ta tí ẹ kọ ọ́.

Ẹ wá jẹ́ kí ohun tí ẹ ń kọ lé lórí há. “Àṣà Yorùbá” fẹ̀ jù, “aṣọ òkè àti àdìrẹ àti ìlẹ̀kẹ̀” ṣì fẹ̀ jù. Kí n tó kọ ti fífọ̀ àdìrẹ, ṣe ni mo mú àdìrẹ ẹlẹ́kọ tuntun kan, èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya ọnà sí lára, mo bu omi tútù sínú abọ́ funfun kí àwọ̀ omi lè hàn, mo fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, mo ki aṣọ bọ̀ ọ́. Omi àkọ́kọ́ dúdú kirikiri. Èkejì jẹ́ búlúù. Ẹ̀kẹta ti ń mọ́. Nígbà tó di ẹ̀kẹrin, mo ń rí ìdí abọ́. Mo ya àwòrán omi kọ̀ọ̀kan kí n tó dà á nù, mo tò wọ́n tẹ̀ léra, mo wá ṣàlàyé pé aró tí kò ráyè wọnú òwú, tó kàn jókòó sójú aṣọ, ló ń jáde yẹn. Bó bá ti tán, ó tán, aṣọ náà ò ṣá. Mo fi kún un pé ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má sì pa á pọ̀ mọ́ aṣọ funfun. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwòrán abọ́ mẹ́rin yẹn ni àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn jù nínú gbogbo ohun tí mo ti kọ. Àlàyé mi nípa ọnà àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, pẹ̀lú àwọn òpó Màpó tí wọ́n yà sínú rẹ̀, tí mo fara balẹ̀ kọ, tí mo sì rò pé ayé máa pariwo lé lórí, kò dé ìdajì rẹ̀. Inú mi kì í dùn sí i, àmọ́ òun ni òótọ́.

Látìgbà náà, ohun tí ọwọ́ mi bá ti ṣe nìkan ni mò ń kọ. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí á sọ pé ẹ̀rọ AI lè bá wa kọ ọ́ ní ìṣẹ́jú kan. Ó lè kọ ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀, àní pẹ̀lú àmì ohùn tó ṣì; kò ki ọwọ́ bọ ìkòkò aró rí.

Ibi tí ìdáhùn máa ń wà ṣe pàtàkì púpọ̀. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ní ká sọ fún ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka nǹkan lórí fóònù nínú dáńfó, odidi ni kí ẹ sọ fún un, kí ẹ sì tètè sọ ọ́. Ìlà méjì àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti dá a lóhùn. Ìtàn ìyá àgbà, ìtàn ọjà Ìtòkú, bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ làfún sára aṣọ, gbogbo ìyẹn lè wà nísàlẹ̀ fún ẹni tó bá ráyè. Ìpínrọ̀ kéékèèké ló sì dáa. Ìpínrọ̀ ìlà mẹ́rin lórí kọ̀ǹpútà á kún ojú fóònù dẹ́múdẹ́mú.

Ní ti èdè, Yorùbá ni mo fi ń kọ, pẹ̀lú àmì, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà ṣe bẹ́ẹ̀. Bọ́tìnì Yorùbá wà nínú Gboard, ìyẹn kíbọọ̀dù Google tó wà lórí fóònù. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yan èdè, ẹ fi Yorùbá kún un. Àmọ́ ohun méjì wà tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún èèyàn.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ fọ́ǹtì, ìyẹn ìrísí tí wọ́n fún lẹ́tà. Lẹ́tà bí à tàbí í wà lódidi nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀ àti ọ́ kò sí lódidi: lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ, wọ́n á wá gbé àmì ohùn lé e lórí lọ́tọ̀. Fọ́ǹtì tí kò bá mọ èyí á gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, tàbí kó fi àpótí kékeré rọ́pò rẹ̀. Àwọn theme ẹlẹ́wà (ìrísí búlọ́ọ̀gù tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀) tí wọ́n ń tà lówó gọbọi ló máa ń ṣe èyí jù, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi dán wọn wò. Kí ẹ tó mú theme kankan, ẹ tẹ “ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹlẹ́kọ, Ọ̀ṣọ́ọ̀ṣì” sínú àkọlé rẹ̀, ẹ wò ó lórí fóònù yín àti lórí fóònù ẹlòmíràn. Bó bá fọ́, ẹ lọ sórí Noto Sans tàbí Noto Serif, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń gbé àmì wa dáadáa.

Èkejì ni líǹkì. Bí ẹ bá jẹ́ kí àmì wọ inú líǹkì, nígbà tí ẹnì kan bá dà á kọ sórí WhatsApp, ẹ kan ṣoṣo lè di %E1%BA%B9, àmì dò tó wà lórí ẹ̀ á di %CC%80. Líǹkì tó yẹ kó jẹ́ ìlà kan á wá gùn títí, àwọn èèyàn á rò pé líǹkì gbájú-ẹ̀ ni, wọn ò ní í tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi àmì sórí àkọlé tó yẹ kí èèyàn kà, ẹ wá fọwọ́ tẹ líǹkì fúnra yín láìsí àmì: bi-a-se-n-fo-adire. WordPress àti Blogger ni ibi tí èèyàn ti lè ṣí búlọ́ọ̀gù. Ibi tí WordPress ti ń gba èyí ni wọ́n ń pè ní slug. Lórí Blogger, permalink ni. Ẹ ṣe é kí ẹ tó tẹ Publish.

Ibi tí ẹ máa gbé búlọ́ọ̀gù sí kò tó ohun tí èèyàn ń fi oṣù rò. Blogger jẹ́ ti Google láti 2003, ọ̀fẹ́ ni. Linda Ikeji tí gbogbo wa mọ̀, orí Blogspot, ìyẹn Blogger yìí kan náà, ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 2006. WordPress.com náà ní ti ọ̀fẹ́. WordPress.org yàtọ̀: ètò kọ̀ǹpútà náà jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa háyà ibi tó máa wà, ẹ̀yin lẹ sì máa tún un ṣe bó bá bàjẹ́. Olùbẹ̀rẹ̀ ò nílò wàhálà yẹn.

Ohun tí mo lè sanwó fún ni orúkọ. Èyí tó ń parí sí .ng tàbí .com.ng, àjọ kan tó ń jẹ́ NiRA ló ń bójú tó o, àwọn ilé iṣẹ́ tí wọ́n fún láṣẹ ló sì ń tà á, náírà ni wọ́n ń gbà. Orúkọ yín àti ímeèlì tiyín ni kí wọ́n fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ o! Alábàáṣiṣẹ́ mi kan jẹ́ kí ọmọkùnrin tó bá a ṣe é fi ímeèlì tirẹ̀ rà á. Ọmọ náà jàpa, kò gbé ìpè mọ́, nígbà tí ọdún pé kò sẹ́ni tó lè san owó rẹ̀. Alábàáṣiṣẹ́ mi tún orúkọ mìíràn mú ni.

Àwòrán tí fóònù bá yà máa ń tó mẹ́gábáìtì mẹ́ta sí márùn-ún. Dátà àwọn tó ń kà á lẹ ń jẹ yẹn. Ẹ dín in kù títí á fi wà nísàlẹ̀ 200KB kí ẹ tó gbé e sókè. Ẹ ya á láàárọ̀, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Oòrùn ọ̀sán á sọ aró di dúdú, iná yàrá á sọ ọ́ di àwọ̀ mìíràn, oníbàárà á wá sọ pé aṣọ tí ẹ fi hàn òun kọ́ lẹ fi ránṣẹ́. Àwòrán tí ẹ bá rí lórí Google, oní nǹkan ló ni ín.

Ìgbà mélòó ló yẹ kí èèyàn máa kọ? Nílùú wa yìí náà ni òyìnbó ajíhìnrere Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní 1859, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló sì ń jáde, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n ń fọwọ́ to lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀n yẹn náà ni mo mú. Ẹni tó bá ní ojoojúmọ́ lòun máa kọ, ẹ bá mi kí i, ká pàdé lóṣù tó ń bọ̀. Inú Google Docs ni mo ti ń kọ ọ́, nítorí pé bí iná bá lọ tàbí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dá, ohun tí mo ti tẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Owó ńkọ́? AdSense, ètò tí Google fi ń sanwó ìpolówó fún oníbúlọ́ọ̀gù, kì í sanwó títí yóò fi pé $100, Yorùbá kò sì sí nínú àwọn èdè tí Google kọ sílẹ̀ fún un nígbà tí mo wò ó. Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ̀wé nítorí ìpolówó, kó yáa tètè mọ̀. Owó tèmi ń gba ibòmíràn wọlé: ẹni tó ti ka bí wọ́n ṣe ń fọ àdìrẹ kì í pẹ́ ná ọjà, ó ti mọ ohun tó fẹ́ rà kó tó kọ̀wé sí mi, kì í sì í dá aṣọ padà.

Ohun tí mo kà sí pàtàkì ju iye èèyàn tó ń wọlé lọ ni Google Search Console. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ forúkọ búlọ́ọ̀gù yín sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, á máa fi ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn tẹ̀ kí wọ́n tó rí yín hàn yín. Ìbéèrè oníbàárà ṣáá náà ni, àmọ́ ti àwọn tí ẹ ò tíì bá pàdé. Èmi rí “adire aso igbeyawo yaadi melo” nínú tèmi lọ́sẹ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì kọ nǹkan kan lórí yáàdì rí. Mo ti ní kí télọ̀ mi fún mi ní ìwọ̀n ìró, bùbá àti ìborùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú ti ẹni tó sanra àti ti ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́.