Inú Ràmàdáánì ni mo kọ gbèsè mi sílẹ̀

₦345,000 ni mo jẹ káàkiri Ìlọrin, ọkọ mi kò sì mọ̀.

Aránṣọ ni mí ní Gáà Àkànbí. Ìsoyìgì àbúrò mi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2023. Èmi ni àkọ́bí ìyá wa, mo sì ní aṣọ wa kọ́ ló máa burú jù níbẹ̀. Mo gba léèsì àti áǹkárá láwìn lọ́wọ́ Àlàájà kan ní Ọjà Ọba, ₦90,000. Kọ́párétíìfù àwa aránṣọ, ₦150,000 tòun ti èlé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ₦60,000. Oṣù karùn-ún ọdún yẹn ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, bẹ́ẹ̀ jẹnẹrétọ̀ ni mo fi ń ránṣọ. Èrè mi di owó epo. Nígbà tó yá, mo yá owó ọlọ́jọ́ méje lórí fóònù kí n lè san ti kọ́párétíìfù. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti di ₦45,000, wọ́n sì ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ pè mí ní olè fún àwọn oníbàárà mi. (Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá máa yá irú owó yìí, ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ wọn nínú àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà. Èmi ò wò ó.)

Mo ń sá fún Àlàájà. Mi ò gba ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ rẹ̀ mọ́, kódà bí ohun tí mo fẹ́ rà bá wọ́n níbòmíràn. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Ní Ràmàdáánì 2024, àáfáà tó ń ṣe tàfsíìrì ládùúgbò wa dé orí áyà 282 nínú Súrátùl-Bákárà. Ó ní òun ni áyà tó gùn jù lọ nínú Àlùkùránì, àti pé kíkọ gbèsè sílẹ̀ ló dá lé. Mo délé, mo fa ìwé tí mo fi ń wọn aṣọ yọ, mo kọ gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Lẹ́yìn ìrun alẹ́, mo gbé e fún ọkọ mi. "Bàbá Àmínà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó sọ̀rọ̀."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ìyá Àmínà, ṣé gbogbo rẹ̀ nìyí?"

"Gbogbo rẹ̀ ni."

"Kí lo wá fi pamọ́ fún mi sí?" Mi ò rí èsì fọ̀. Nígbà tó ṣe, òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé a ò ní ra àgbò Iléyá, pé kì í ṣe dandan fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a. Bí mo bá ti sọ fún un lọ́dún tó kọjá ni, mi ò ní dé orí owó fóònù rárá.

Mo ta léèsì mẹ́rin tí mi ò tíì wọ̀ àti kúlà méjì, mo fi pa ti orí fóònù rẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Mo padà sórí ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ àti áyọ́ọ̀nù eléèédú. Owó epo tí mò ń dá sí ni mo fi ń dá àjọ, ₦800 lójúmọ́. Ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà nínú káàdì, alájọ mú ọ̀kan, ₦24,000 ló ń dé ọwọ́ mi. Ìdajì fún kọ́párétíìfù, ìdajì fún Àlàájà, kí ẹ̀gbọ́n mi dúró ná.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ bá Àlàájà, mo kúnlẹ̀. "Àlàájà, ẹ má bínú mà. ₦12,000 ni mo lè máa mú wá lóṣooṣù."

"Ìwọ ọmọ yìí! Owó tó o jẹ mí kò dùn mí tó sísá tó ò ń sá." Ó gba owó náà, ó ní kí n jókòó, ó fún mi lómi.

Ní ti oúnjẹ, àwa ìyàwó mẹ́ta nínú àgbàlá dá owó jọ, a ń ra tòmátò àti ata alápẹ̀rẹ̀ ní Ìpàtà, a ń pín in. Ẹran dín kù, ẹ̀wà pọ̀ sí i. Lóṣù àkọ́kọ́ mo dín oúnjẹ àárọ̀ àwọn ọmọ kù, tíṣà ní èyí àbúrò ń sùn ní kíláàsì. Mo dá a padà kíá. Kò yẹ kí ọmọ bá mi san gbèsè aṣọ.

Aṣọ ẹbí ló le jù. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo sọ pé rárá. Àǹtí mi kan bi mí bóyá ojú ni mo fẹ́ kó tì wọ́n. Ohun tí mo ní nílé ni mo wọ̀ lọ, mo sì fọ abọ́ níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Kò sẹ́ni tó lé mi.

Ní oṣù kọkànlá, Àlàájà fa ìlà sórí orúkọ mi nínú ìwé rẹ̀. Ti kọ́párétíìfù ṣì ń lọ, ìdajì tó jẹ́ ti Àlàájà wá di ti ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní òun ti gbàgbé owó náà, kí n fi ra nǹkan fún àwọn ọmọ. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á." Ìparí oṣù kẹrin 2025 ni mo ka ₦6,000 tó kẹ́yìn sí i lọ́wọ́.