Téèpù Ìyàwó Mi àti Ọwọ́ Kọ́tábáàkì

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo lọ yọ téèpù nínú àpótí ìránṣọ ìyàwó mi, mo ní kí Tóbi gbé ọwọ́ ọ̀tún lé orí tábìlì ìdáná, kó ya àwọn ìka rẹ̀ síra bí ẹni tó fẹ́ ki nǹkan ńlá mọ́lẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n láti orí àtàǹpàkò dé orí ọmọńdinrín. Ínǹṣì 9, ó lé bíńtín. Ìyàwó mi yọjú láti pálọ̀, ó wo èmi, ó wo ọmọ, ó ní, "Dádì Tóbi, irú aṣọ wo lẹ fẹ́ rán fún àtẹ́lẹwọ́?"

Kò sí aṣọ tí mo fẹ́ rán. Ọmọ ọdún 14 yìí ló sọ fún wa pé kọ́tábáàkì lòun máa jẹ́, ẹni tó ń darí eré nínú bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́sàn-án tí mo sì ti lò ní Chicago ti kọ́ mi pé bí wọ́n bá fẹ́ yan kọ́tábáàkì nílẹ̀ yìí, wọ́n máa ń wọn ọwọ́. Wọ́n á wọn gíga, wọ́n á gbé e lé òṣùwọ̀n, wọ́n á ní kó sáré, wọ́n á da ìbéèrè bò ó, wọ́n á tún lọ bá àwọn tó mọ̀ ọ́n láti kékeré. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yẹn, wọ́n ṣì lè ṣì í yàn.

Nígbà tí mo dé lọ́dún 2016, bọ́ọ̀lù tí mo mọ̀ kò ju èyí tá a ń fẹsẹ̀ gbá lọ. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìkẹ́rùsí kan, ibẹ̀ ni mo ti pàdé bàbá aláwọ̀ dúdú kan, ọmọ bíbí ìlú yìí, tó ti ń tẹ̀ lé Chicago Bears, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú yìí, láti ìgbà tó wà ní ṣòkòtò péńpé. Bàbá Chicago ni mò ń pè é, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn. Òun ló là mí lóye. Ó ní kọ́tábáàkì ni ẹni tí bọ́ọ̀lù ń kọ́kọ́ dé ọwọ́ rẹ̀ bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀. Géńdé márùn-ún á ṣe ògiri níwájú rẹ̀, àwọn géńdé mìíràn á máa wá ọ̀nà láti wó ògiri náà kí wọ́n lè là á mọ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta ló ní láti mọ ẹni tó máa ju bọ́ọ̀lù sí. Rédíò kékeré wà nínú akoto rẹ̀ tí akọ́nimọ̀ọ́gbá fi ń bá a sọ̀rọ̀, àmọ́ bó bá ti ku ìṣẹ́jú àáyá 15 lórí aago, rédíò á kú. Ó di òun àti orí rẹ̀ nìyẹn.

Oṣù kẹrin ọdọọdún ni wọ́n ń pín àwọn ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ láti yunifásítì, draft ni wọ́n ń pè é. Ẹgbẹ́ 32 ló wà, ìpele méje ni wọ́n fi ń mú. Nílé wa, àgbà ló ń kọ́kọ́ mú ẹran; níbí, ẹni tó ṣe sáà tó burú jù ló ń kọ́kọ́ mú. Bó o bá sì fẹ́ gba iwájú ẹlòmíràn, o lè ra ipò rẹ̀, wàá fi ipò tìrẹ san án.

Alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 2017, à ń sinmi lẹ́nu iṣẹ́, mo fi fóònù mi ti ike omi kí àwa méjèèjì lè máa rí i. Ipò kẹta ni ti Bears. Lójijì la gbọ́ pé wọ́n ti bọ́ sí ipò kejì, wọ́n sì fi ipò mẹ́ta mìíràn lé e fún ẹgbẹ́ 49ers nítorí ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo yẹn. Ta ni wọ́n mú? Mitchell Trubisky, tó jẹ́ pé eré 13 péré ló bẹ̀rẹ̀ nígbà tó fi wà ní Yunifásítì North Carolina. Bàbá Chicago gbé búrẹ́dì rẹ̀ kalẹ̀. Kò jẹ ẹ́ mọ́. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ Chiefs ti Kansas City gòkè láti ipò 27 wá sí ipò 10, wọ́n mú Patrick Mahomes. Houston mú Deshaun Watson ní ipò 12.

Ká má parọ́, Trubisky kò burú bí àwọn kan ṣe ń sọ ọ́. Ó gbé Bears dé playoffs, ìdíje tí àwọn ẹgbẹ́ tó ṣe dáadáa máa ń ṣe lẹ́yìn sáà, lọ́dún 2018. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn kan náà ni Mahomes ju bọ́ọ̀lù 50 tó di góòlù, tí wọ́n fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ, ó sì ti gba Super Bowl, ife tó ga jù nínú eré yìí, lẹ́ẹ̀mẹta báyìí. Trubisky lo ọdún mẹ́rin, ó kó ẹrù rẹ̀. Títí dòní, bí mo bá fẹ́ bí Bàbá Chicago nínú, orúkọ Mahomes nìkan ni mo máa pè.

Ibo ni wọ́n ti ṣìnà? Ìbéèrè yẹn ló sọ mí di ẹni tó ń ka nǹkan wọ̀nyí láàárín òru.

Indianapolis ni wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò ńlá náà, tí wọ́n ń pè ní Combine, ní ìparí oṣù kejì sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta. Wọ́n á ní kí kọ́tábáàkì sáré 40 yáàdì. Èmi ò rí ìdí rẹ̀. Ta ni kọ́tábáàkì ń lé? Àwọn èèyàn ló ń lé e! Lọ́dún 2000, Tom Brady lo ìṣẹ́jú àáyá 5.28 láti sá eré yẹn, àwòrán rẹ̀ ọjọ́ náà sì dà bíi ti akẹ́kọ̀ọ́ tí kò jẹun láàárọ̀. Kọ́tábáàkì mẹ́fà ni wọ́n mú ṣáájú rẹ̀. Ipò 199 ni New England tó mú un. Ife Super Bowl méje ló gbà kó tó fẹ̀yìn tì.

Ọ̀rọ̀ gíga náà ńkọ́? Wọn ò fẹ́ràn ẹni tí kò bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, wọ́n ní kò ní ríran kọjá ògiri. Russell Wilson kò tó bẹ́ẹ̀, ìpele kẹta ni wọ́n mú un lọ́dún 2012, ọdún kejì tó dé ló gba Super Bowl fún Seattle. Nígbà tó fi máa di 2019, Kyler Murray tó kúrú jù ú lọ ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo wọn. Ti ọwọ́, nítorí kí bọ́ọ̀lù má baà yọ̀ nígbà òjò àti òtútù ni. Ínǹṣì 9 ni ti Joe Burrow lọ́dún 2020, àwọn èèyàn ní ó kéré, òun fúnra rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bóyá kóun kúkú fẹ̀yìn tì. Òun náà ni wọ́n kọ́kọ́ mú lọ́dún yẹn. Ẹ ti wá mọ ìdí tí inú mi fi dùn sí téèpù yẹn.

Ìdánwò kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Wonderlic, ìbéèrè 50 nínú ìṣẹ́jú 12. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò ní Combine láti ọdún 2022. Èmi tí mo jókòó JAMB lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó wọlé, ẹ má bi mí bóyá irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ń sọ ẹni tó gbọ́n.

Èyí tó dùn mọ́ mi ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọ́n á mú ọmọ náà wọ yàrá, akọ́nimọ̀ọ́gbá á ya ọgbọ́n eré kan sára pátákó, á ṣàlàyé rẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn: ìyá rẹ ńkọ́, irú orin wo lo fẹ́ràn. Bó bá ti gbàgbé sí ẹ̀rín, wọ́n á nawọ́ ṣọ́ọ̀kì sí i: "Ó yá, tún eré ìṣáájú yà fún wa." Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á lọ bá olùkọ́ rẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù, àtẹni tó ń fọ aṣọ eré wọn. Ó rán mi létí bí ìyá mi àgbà ṣe rán èèyàn lọ sí Ìlá Ọ̀ràngún láti bèèrè ìwà ìyàwó mi kí wọ́n tó gbà kí n fẹ́ ẹ. Ẹni tí wọ́n rán kò lọ sílé àna mi rárá. Ọ̀dọ̀ ẹlẹ́kọ tó wà ládùúgbò ló lọ jókòó sí.

Ṣùgbọ́n inú fídíò ni òótọ́ wà, lójú tèmi. Bàbá Chicago máa ń gbé tábúlẹ́ẹ̀tì ọmọ rẹ̀ wá síbi iṣẹ́, a ó máa wo eré àwọn ọmọ yunifásítì tí a bá ń jẹun. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó fi ìka bo ibi tí bọ́ọ̀lù wà lójú rẹ̀. "Má wo bọ́ọ̀lù," ó ní. "Wo ẹsẹ̀ rẹ̀." Mo wò ó. Bí géńdé kan bá já ògiri wọlé, ọmọ tí kò tíì gbó á gbàgbé ẹsẹ̀ rẹ̀, á máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún bí ẹni tó tẹ ìjàlọ. Ẹni tó ti gbó á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á tún balẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì ní kúrò lára àwọn tó ń sáré lọ níwájú. Ojú náà lọ́rọ̀ tirẹ̀: ẹni tó bá tẹjú mọ́ ẹnì kan ṣoṣo ti tú àṣírí ilé fún ọ̀tá. Ọ̀gá nínú wọn á wo ẹni àkọ́kọ́ tó lè ju bọ́ọ̀lù sí, á wo ẹnì kejì, á fi ti ẹ̀kẹta gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là.

Fídíò náà ń tanni jẹ lọ́nà tirẹ̀. Àwọn yunifásítì kan wà tí ògiri wọn le débi pé ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan kọ́tábáàkì wọn. Báwo lo ṣe fẹ́ mọ bó ṣe máa ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n bá là á mọ́lẹ̀? Eré 13 kò sì tó láti fi mọ èèyàn. Ní ti Mahomes, ó ń ju bọ́ọ̀lù láti ẹ̀gbẹ́, ó ń jù ú nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè. Àwọn kan rí i, wọ́n ní jàgídíjàgan ni. Chiefs rí i, wọ́n ní ẹ̀bùn ni, wọ́n sì fi ọdún kan gbáko mú un jókòó sẹ́yìn Alex Smith, kọ́tábáàkì wọn nígbà náà, kó máa wòran.

Ọ̀rọ̀ ilé tí ọmọ bá bọ́ sí, òun gan-an ni mo rò pé wọn ò kà sí tó. 49ers fi ipò ìpele àkọ́kọ́ mẹ́ta ra ẹ̀tọ́ láti mú Trey Lance lọ́dún 2021. Eré mẹ́rin ló bẹ̀rẹ̀ fún wọn. Lọ́dún 2022, ẹgbẹ́ yìí kan náà fi ipò 262, èyí tó kẹ́yìn pátápátá, mú Brock Purdy. Purdy ló gbé wọn dé Super Bowl oṣù kejì 2024.

Ti Bears wa ńkọ́? Wọ́n gba ipò kìíní ti ọdún 2024 láti ọwọ́ ẹgbẹ́ Carolina, wọ́n mú Caleb Williams. Ọmọ náà kò jẹ́ kí dókítà Combine yẹ òun wò, ó ní ẹgbẹ́ tóun bá lọ bẹ̀ wò nìkan ló máa rí ìwé ìlera òun. Ó tún ń kun èékánná. Mo jẹ́wọ́, èmi náà kọ́kọ́ fajú ro. Ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, ìgbà 68 ni wọ́n là á mọ́lẹ̀ kó tó ju bọ́ọ̀lù. Wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá lóṣù kọkànlá. Nígbà tó di ọdún 2025 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra àwọn géńdé tuntun fún ògiri. Bàbá Chicago ní ṣe ni wọ́n gbé ìyàwó wálé kí wọ́n tó lọ ra bíríkì.

Ó wá ku ti Tóbi. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wo gíga rẹ̀, ó wo èjìká rẹ̀, ó ní iwájú ni kó dúró kó máa bá wọn ti èèyàn. Kò tíì rí i kó ju ẹyọ bọ́ọ̀lù kan. Ìtàn kí wọ́n máa lé ọmọ aláwọ̀ dúdú kúrò nípò kọ́tábáàkì ti pẹ́ nílẹ̀ yìí. Lọ́dún 1978, kò sẹ́ni tó mú Warren Moon nínú draft, Kánádà ló lọ ti gba ife márùn-ún léraléra. Oṣù kìíní 1988 ni Doug Williams di kọ́tábáàkì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba Super Bowl. Lamar Jackson gba Heisman, àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tó pegedé jù, síbẹ̀ àwọn kan ní kó lọ máa sáré gba bọ́ọ̀lù tí ẹlòmíràn bá jù. Ipò 32 ni wọ́n mú un lọ́dún 2018. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, gbogbo ìbò 50 ló gbà láti di agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù.

Àwọn ọmọ tiwa náà wà níbẹ̀. Olumuyiwa Fashanu, ipò 11 lọ́dún 2024, ara ògiri ni. Foyesade Oluokun, Dayo Odeyingbo tó wá sọ́dọ̀ Bears lọ́dún 2025, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n dá ọ̀tá dúró. Mo ń fi wọ́n yangàn fún àwọn ará ibi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nínú àwọn olórúkọ Yorùbá tí mo mọ̀ níbẹ̀, kò sí ẹni tí bọ́ọ̀lù ń kọ́kọ́ dé ọwọ́ rẹ̀.

Mo kọ ìwé sí akọ́nimọ̀ọ́gbá náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí òbí ṣe ń kọ̀wé síbi tí ọmọ rẹ̀ ṣì máa wà. Ó ní kí ọmọ wá lóṣù kẹjọ, òun á wò ó.

Nítorí náà, nírọ̀lẹ́ àná, mo gbé ìrọ̀rí àga jáde sẹ́yìn ilé. Mo ní kí àbúrò rẹ̀ sáré lọ sápá ọ̀tún. Mo ní, "Tóbi, mò ń bọ̀ o," mo sì ya lù ú pẹ̀lú gbogbo ikùn mi. Mi ò wo bọ́ọ̀lù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo ń wò. Ó yẹ̀ díẹ̀ sósì, ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀, ó jù ú. Èmi ni mo ṣubú. Bọ́ọ̀lù kọjá lórí àbúrò rẹ̀, ó wọ inú ike ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí ìyá wọn gbìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Fèrèsé ìdáná ṣí. "Dádì Tóbi, ta ló máa san owó ẹ̀fọ́ mi?"

"Dádì," Tóbi ní, kò tiẹ̀ wo ẹ̀fọ́ náà, "ṣé ẹsẹ̀ mi dáa?"