Bí Mo Ṣe Ń Pọ́n Ayùn Eléyín Wẹ́wẹ́ Nígbà Tí Ojú Ti Ń Dàgbà

Ó di ọdún mẹ́ta báyìí tí ọmọ iṣẹ́ mi dúró tì mí nídìí fáìsì, irin tí ó ń di ayùn mú, tí ó rọra sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti fo eyín mẹ́ta." Òótọ́ ni ó sọ. Ayùn kékeré tí mo fi ń gé ìdè dúrọ́ọ̀ ni, eyín 14 ni ó wà nínú íǹṣì rẹ̀ kan. Mo ti pọ́n ibì kan lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti fo ibòmíràn, títí eyín fi di ìyá àti ọmọ, ọ̀kan ńlá, ọ̀kan kékeré, tí ayùn náà sì ń yà kúrò lójú ilà.

Awò tí ó lágbára sí i ni mo kọ́kọ́ sáré lọ rà, ṣùgbọ́n ọrùn ni ó fi ń ro mí. Awò tí agbára rẹ̀ jẹ́ 2.50 máa ń mú nǹkan hàn kedere ní nǹkan bí sẹ̀ntímítà 40, ti 3.00 sì ń fẹ́ nǹkan bí 33, nítorí náà mo ń tẹ̀ba sí i ni. Mo wá fi igi gbé fáìsì ga dé ọ̀gangan àyà mi. (Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú yín wò nílé ìwòsàn kí ẹ tó ra awò lọ́jà, nítorí àìsàn ojú wà tí kì í dunni títí ó fi ba ojú jẹ́.)

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé n kò wá eyín mọ́; dúdú àti dídán nìkan ni mo ń wò. Mo ń kọ́kọ́ fi èéfín àtùpà kun gbogbo eyín, lẹ́yìn náà ni mo ń fa fáìlì pẹlẹbẹ kọjá lórí wọn, kí ṣóńṣó wọn lè dọ́gba, kí àmì dídán tín-ín-rín sì yọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ń gbé iná sí òdìkejì ayùn, nísàlẹ̀, kí ó lè kọ mọ̀nà lórí àmì wọ̀nyẹn. Kòtò àárín eyín méjì tí ó bá ṣì dúdú, fáìlì onígun mẹ́ta tí mo fi ń pọ́n wọn kò tíì dé ibẹ̀. Eyín tí àmì rẹ̀ bá ti pòórá ti tó, bí mo bá tún fọwọ́ kàn án, yóò kúrú ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọwọ́ ni ó ń ṣe ìyókù. Fáìlì onígun mẹ́ta a máa jókòó sínú kòtò fúnra rẹ̀ bí a kò bá fi ipá tẹ̀ ẹ́. Mo ń tì í síwájú nìkan, n kì í fà á padà lórí irin, n kì í sì í darí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí pé nínú eyín tí ó wẹ́ tó báyìí, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan lára igi, ó sì dín ohun tí ojú ń ṣọ́ kù. Bí ẹnikẹ́ni bá pè mí láàárín iṣẹ́, mo ń kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí mo dé kí n tó dá a lóhùn.