Aago méjì òru, mo tún yí màámi

Aago 2 òru ti kọjá díẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yí màámi sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tán ni, mo ki pilò bọ àárín orúnkún wọn, mo fi òmíràn ti ẹ̀yìn wọn kí wọ́n má bàa yí padà, mo wá jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ní kí n kọ nǹkan sílẹ̀ kí oorun má bàa gbé mi lọ. Látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti dé yìí, ẹ̀gbẹ́ òsì wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́, wọn ò lè dá yí ara wọn, nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ fún wa pé wákàtí méjì-méjì ni ká máa yí wọn, tọ̀sán tòru, torí ibi tí ara bá ti tẹ bẹ́ẹ̀dì pẹ́ jù, ẹ̀jẹ̀ ò ní rìn dé ibẹ̀ dáadáa, awọ á bẹ̀rẹ̀ sí bó, á di egbò. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé. Àbúrò mi ń gba ọ̀sán, èmi ń gba òru.

Kí wọ́n tó sùn, wọ́n ní kí n ka Sáàmù 23 fún àwọn. Ẹsẹ mẹ́fà péré ni, mo ti mọ̀ ọ́n lórí láti kékeré, ẹnu lásán ni mo sì sábà máa ń fi kà á. Ṣùgbọ́n lálẹ́ yìí ọ̀rọ̀ kan di mí mú níbẹ̀, kò sì tíì jù mí sílẹ̀ di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọ̀rọ̀ náà ni ṣọ́.

Olùṣọ́-àgùntàn. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa ò pe Ọlọ́run ní darandaran o, bẹ́ẹ̀ èdè wa ní ọ̀rọ̀ yẹn. Darandaran ń da ẹran ni, ó ń lé e lọ síbi tó ń lọ. Olùṣọ́ ní tiẹ̀, ojú ẹ̀ niṣẹ́ ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sùn tó tún ń ṣọ́ nǹkan. Wo Lúùkù 2, àwọn olùṣọ́-àgùntàn tí áńgẹ́lì wá bá nítòsí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, òru ni, wọ́n ń ṣọ́ agbo wọn, gbogbo Kérésì tí mo ti ṣe láyé ni mo ti ń gbọ́ ìtàn yẹn, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí pé nígbà tí àwọn ará ìlú ti sùn, àwọn yẹn ni ojú wọn ṣì là sílẹ̀.

Jákọ́bù ni mo wá ń rò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí iṣẹ́ yẹn ń gbà lára èèyàn, kó ka Jẹ́nẹ́sísì 31, níbi tí òun àti Lábánì, bàbá ìyàwó ẹ̀ tó ń ṣọ́ ẹran fún, ti ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ó ti lo 20 ọdún lọ́dọ̀ ẹ̀, inú ń bí i gan-an lọ́jọ́ yẹn, ó wá ń kà á sí i létí lọ́kọ̀ọ̀kan, pé abo ẹran rẹ ò sọ oyún nù, mi ò pa àgbò inú agbo rẹ jẹ, èyí tí ẹranko fà ya mi ò gbé e wá bá ọ, èmi ni mo ru òfò ẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀sán ni wọ́n jí i, ì báà jẹ́ òru, ọwọ́ mi lo ti ń bèèrè ẹ̀. Oòrùn ń pa mí lọ́sàn-án, òtútù ń mú mi lóru, oorun sì dá lójú mi. Bẹ́ẹ̀ nínú òfin tó wá dé lẹ́yìn náà, Ẹ́kísódù 22, tí ẹranko bá fa ẹran ya, kí olùṣọ́ ṣáà mú ìyókù wá bí ẹ̀rí ni, kò ní san kọ́bọ̀. Jákọ́bù san án. Ó san gbèsè tí kò jẹ.

Ọkùnrin yìí kan náà ló wá darúgbó sí Íjíbítì. Ojú ẹ̀ ti ń ṣú, ó ń ṣàìsàn, wọ́n ní ó gbìyànjú ni kó tó lè jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, Jósẹ́fù wá kó àwọn ọmọ ẹ̀ méjèèjì wọlé kí bàbá súre fún wọn. Ohun tó pe Ọlọ́run nínú ìre yẹn, Jẹ́nẹ́sísì 48, ni Ọlọ́run tó ti ń bọ́ mi láti ọjọ́ ayé mi títí di òní. Ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà níbẹ̀ ló tún wà nínú Sáàmù 23, torí ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń sọ bíbọ́ ẹran àti ṣíṣọ́ ẹran. Tèèyàn bá sì ka Bíbélì láti ìbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló ti máa kọ́kọ́ pàdé Ọlọ́run ní irú orúkọ yẹn. Lẹ́nu arúgbó kan tó ń kú lọ, tó ti fi 20 ọdún mọ bí òru ṣe ń gùn. Ó mọ ohun tó ń sọ. Ó ń sọ pé gbogbo òru tí mo ti sùn láyé mi, ẹnì kan ò sùn, gbogbo òfò mi, ẹnì kan ló ń rù ú. Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo débẹ̀, mi ò purọ́.

Àwọn tó ń sin àgùntàn mọ ewu kan dáadáa. Tí àgùntàn bá dùbúlẹ̀ síbi tí ilẹ̀ ti jin díẹ̀, pàápàá èyí tó sanra, tàbí tó lóyún, tàbí tí irun ẹ̀ ti pọ̀, ó lè ṣèèṣì yí dànù kó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á wà lókè, á máa jà títí, kò ní lè dìde. Afẹ́fẹ́ á wá máa kún inú ẹ̀, á máa há a mọ́ra, láàárín wákàtí díẹ̀ ó lè kú. Kò sí kìnnìún níbẹ̀ o, koríko wà, omi wà, ohun tí kò sí ni ẹni tó máa yí i padà, kó sì dì í mú títí ẹsẹ̀ ẹ̀ á fi ranlẹ̀. Níbi tí Bíbélì wa ti sọ pé “ó tu ọkàn mi lára”, ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà níbẹ̀ jẹ mọ́ kéèyàn dá nǹkan padà sí bó ṣe wà. Nígbà tí mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ èjìká màámi lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún, ẹsẹ yẹn ni mo gbọ́.

Ọ̀gọ inú Sáàmù yẹn náà ńkọ́? Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, “ògo rẹ àti ọ̀pá rẹ” ni mo máa ń kà, màámi náà ni wọ́n tún un ṣe fún mi, wọ́n ní ọ̀gọ ni, kùmọ̀ ni, ti ẹranko burúkú ni. Dáfídì ti fojú kan kìnnìún àti béárì nídìí àgùntàn bàbá ẹ̀ kó tó fojú kan Gòláyátì, ó mọ ohun tí kùmọ̀ wà fún.

Nǹkan kan wà tó máa ń dùn mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Àwọn kan máa ń fi ọ̀rọ̀ “àgùntàn” pa ẹnu àwọn ọmọ ìjọ mọ́, bí ẹni pé òpè tí kì í bèèrè ọ̀rọ̀ ni àgùntàn. Irọ́ ni. Lọ́dún 2001, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé àgùntàn lè dá ojú àgùntàn 50 mìíràn mọ̀, kó sì rántí wọn fún ohun tó ju ọdún méjì lọ. Jésù náà sọ ọ́ nínú Jòhánù 10 pé wọ́n mọ ohùn olùṣọ́ wọn, wọ́n á sì sá fún àlejò. Ẹran tó mọ ẹni tó yẹ kó sá fún kì í ṣe òpè. Ẹnì kan wà tí mo máa ń pè ní pásítọ̀ mi (olùṣọ́-àgùntàn náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ní èdè Látìn), ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, kò wá, kò pè, ó sì gbọ́. Ó dùn mí. Esekiẹli 34 ni mo lọ kà, níbi tí Ọlọ́run ti ń bínú sáwọn olùṣọ́ tó ń jẹ ọ̀rá, tó ń fi irun bora, tí wọn ò di èyí tó ṣẹ́, tí wọn ò wo èyí tó ń ṣàìsàn, lẹ́yìn náà Ó ní Èmi fúnra mi ni màá wá àgùntàn mi kiri. Fúnra mi. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Ṣùgbọ́n èmi náà ńkọ́? Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ní nǹkan bí aago 4 òru, màámi pè mí, mo gbọ́, mo sì dákẹ́ bí ẹni tó ti sùn lọ. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ̀yìn ń dùn mí, inú ń bí mi, mi ò mọ ẹni tí mo ń bínú sí. Wọ́n pè lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn wọn ti rẹlẹ̀ sí i, bí ẹni tó ń tọrọ gáfárà. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn yẹn. Àgùntàn tó ti dàgbà lè wọn 40 kílò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, Lúùkù 15 sì sọ pé ọkùnrin tó rí tiẹ̀ tó sọ nù gbé e lé èjìká, ó ń yọ̀. Mo ti gbé, mo mọ̀ ọ́n gbé. Yíyọ̀ yẹn ni mo ń bẹ Ọlọ́run fún. Ní Róòmù, nínú ihò ìsìnkú Priscilla lábẹ́ ilẹ̀, àwòrán ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò nírùngbọ̀n, tó gbé ẹran kọ́rùn, ni àwọn Kristẹni ayé àtijọ́ yà sókè ibi tí wọ́n sin òkú wọn sí, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta. Mo ń wò ó lórí fóònù báyìí. Ojú ẹ̀ ò le rárá.

Wọ́n ti jí.

“O ò sùn?”

“Mo wà níbí, mà.”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ Sáàmù yẹn fúnra wọn, ohùn wọn ò jáde tán, ó mú mi dùbúlẹ̀, ó mú mi lọ, ó tu ọkàn mi lára, àfi bí wọ́n ṣe dé àfonífojì tí ọ̀rọ̀ yí sí “nítorí tí Ìwọ wà pẹ̀lú mi”, wọ́n dúró níbẹ̀, wọ́n tún un sọ. Ìwọ. Dáfídì ti ń ròyìn Ọlọ́run bọ̀ látòkè, ìgbà tí ilẹ̀ ṣú ló wá kọjú sí I.

Wọn ò ka ìyókù, wọ́n ti sùn lọ. Aago 4 ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo fẹ́ lọ bomi gbóná díẹ̀ kí n fi nu ẹ̀yìn wọn kí n tó yí wọn sí ẹ̀gbẹ́ kejì.